Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń yà sí Kùtọ̀nú, ibo ni àgbà ti lè rí ibòji sinmi?

Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń yà sí èbúté Kùtọ̀nú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èrò inú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ibòji àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wá, ariwo ọmọdé kì í sì í tán létí omi ìlúwẹ̀ẹ́.

Carnival ya ibì kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Serenity: ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ débẹ̀, wọn kì í sì í gbowó. Sanctuary ti Princess, owó ni. P&O tiẹ̀ ní odindi ọkọ̀ méjì, Arcadia àti Aurora, tí ọmọdé kì í wọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ sanwó, kó tètè jí gba àga abẹ́ ibòji, tàbí kó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí èrò bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ganvié tàbí Ouidah, inú ọkọ̀ á pa rọ́rọ́.

Àmọ́ a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó jókòó sínú ọkọ̀ ní Kùtọ̀nú o. Ibòji àgbọn wà létíkun Fidjrossè, àwọn oníṣòwò wa sì ń retí owó rẹ̀.