Ọmọ Iléṣà tó ní kí ìjọba náà tẹrí ba fún ilé-ẹjọ́

Ní ìparí ọdún 1965, nígbà tí ìjà òṣèlú ń jó ilé àti ọ̀nà ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká síwájú adájọ́ kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó fi ìbọn gba téèpù nílé iṣẹ́ rédíò, kí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, má baà lọ sórí afẹ́fẹ́. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ni adájọ́ náà, ọmọ bíbí Iléṣà. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ta kora, ó sì dá Ṣóyínká sílẹ̀.

Ìlànà tó tẹ̀lé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹni tó fẹ̀sùn kanni ni yóò mú ẹ̀rí wá, bí iyèméjì bá ṣẹ́ kù, ti olùjẹ́jọ́ ni. Inú common law ló ti wá, òfin tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdájọ́ lórí ìdájọ́ hun, tí àwọn amúnisìn sì gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa náà sì fi dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ìjọba amúnisìn yọ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ẹni tó tì í mọ́lé wá wí òfin tó fún un láṣẹ. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ sì jáde ní 1931: kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè fọwọ́ kan òmìnira èèyàn láìjẹ́ pé ó fẹ̀rí òfin hàn níwájú adájọ́.

Ní 1986, lábẹ́ ológun, Ẹ̀ṣọ́ wà ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti lé Òjúkwu, olórí Biafra tẹ́lẹ̀, jáde nílé nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, wọ́n sì kọ̀ láti dá a padà bí ilé-ẹjọ́ ṣe pàṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó ń tẹ àṣẹ ilé-ẹjọ́ mọ́lẹ̀ kò lè wá tọrọ ojú rere lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ìgboyà yẹn ju ìwé òfin lọ.

Lónìí, abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, àyàfi ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ilé-ẹjọ́ wà ní Òṣogbo, ó wà ní Iléṣà. Bí ọmọ rẹ bá ti sun oorun ọjọ́ mẹ́ta ní àgọ́ ọlọ́pàá, má ṣe máa sanwó bélì. Bélì kì í ṣe ohun títà. Wá agbẹjọ́rò lọ. Bí owó kò bá sí, béèrè Legal Aid Council.