Ọlá Ta Ni A Bà Jẹ́?

Ẹ̀yin olùkàwé wa tí ó ti gba afárá Aṣéjire kọjá láti Ìbàdàn sí Ìkirè àti Àpòmù mọ odò Ọ̀ṣun níbẹ̀ dáadáa. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ẹ̀dùn ọkàn tí ó wà ní ìhà méjèèjì odò náà, àti bí ó ti ń sọ ẹni tí ènìyàn yóò dìbò fún.

Láti ayé ogun ni Ìbàdàn ti jẹ gàba lórí àwọn ìlú Ọ̀ṣun, tí àwọn ajẹ́lẹ̀ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1951 a yà wọ́n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìhà kan yọ̀ pé ẹrù bọ́ lórí òun. Ìhà kejì ní a gé apá òun, ó sì di ẹ̀bi náà ru Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀.

Ní ọdún náà gan-an ni àwọn tí ẹgbẹ́ ìlú Ìbàdàn gbé wọ ilé ìgbìmọ̀ yà sọ́dọ̀ Ọlọ́pẹ, Akinlóyè pẹ̀lú wọn. Adégòkè Adélabù kọ̀, ó dúró ti NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun, owó orí, àti ọ̀rọ̀ àwọn àlejò Ìjẹ̀bú tí ń rọ́wọ́ mú nínú ìlú, ni ó fi pe àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù jọ. Ẹ wo orúkọ tí ẹgbẹ́ wọn jẹ́ ní 1954: Mábọlájẹ́! Ìbàdàn tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. (Òun náà ni ó fi òyìnbó dárà títí àwọn ènìyàn wa fi sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí a fi ń pe rúdurùdu títí dòní.)

Ọkọ̀ pa Adélabù ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pín. Ẹ̀dùn náà kò bá a wọ sàréè, aṣọ ni ó ń pààrọ̀. Nígbà tí Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ jà ní 1962, Akinlóyè bá Akíntọ́lá lọ, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní 1964. Lẹ́yìn náà ó di alága NPN. Ní 1983 NPN fa Olúnlóyọ̀, ọmọ Ìbàdàn, kalẹ̀ láti bá Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹsà-Òkè, du ipò gómìnà. Wọ́n kéde Olúnlóyọ̀, ariyànjiyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó dé.

Àwa kò ní irọ́ ni ẹ̀dùn Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ará Ìkirè tí bàbá bàbá rẹ̀ ru ìṣákọ́lẹ̀ kọjá odò yìí lè béèrè pé ọlá ta ni a bà jẹ́. Ìpínlẹ̀ kan náà ni ìhà méjèèjì ṣì wà nígbà ìdìbò yẹn. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀.