Ọ̀pá Ìsún-Awò: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Ìdí Orúkọ Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí mu rẹ́gí, nítorí pé ohun-èlò kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ní ilé tirẹ̀. Ilé náà ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é. Ẹni tí ó bá fi ìrísí lásán sọ ohun-èlò lórúkọ, tàbí tí ó kàn túmọ̀ orúkọ tí àwọn elédè mìíràn ti fún un, lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun-èlò kékeré kan tí a fi ń ya àwòrán kòkòrò láti ibi tí ó súnmọ́ pẹ́kípẹ́kí jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn gbangba. Olùkọ́ lè fi ọ̀pá omi oníke ṣe é ní ilé láàárín ọjọ́ méjì, láìná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó yẹ ẹ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kí a tó lè sọ ọ́ lórúkọ bí ó ti tọ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ayàwòrán

Bí ènìyàn bá gbé awò tí àárín rẹ̀ ki ju etí rẹ̀ lọ sínú oòrùn, tí ó sì tẹ́ ìwé sí abẹ́ rẹ̀, yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ kó ara jọ sí ojú kan ṣoṣo, débi pé ó lè jó ìwé náà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kó jọ sí ni ojúkò awò. Bí ojúkò ti jìnnà sí awò tó ni ìjìnnà-ojúkò. Awò ẹ̀rọ ayàwòrán tí a kọ 50 mm sí lára jẹ́ awò tí ìjìnnà-ojúkò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50.

Nígbà tí nǹkan tí à ń yà bá wà lọ́nà jíjìn réré, ojúkò gan-an ni àwòrán rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan náà bá ti ń súnmọ́ awò, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, tí ó sì ń tóbi sí i. Ìṣòro ni pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń gba àwòrán kì í kúrò lójú kan. Fíìmù ni nínú ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀. Nínú ẹ̀rọ òde òní, pátákó kékeré tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná ni. Ojú-ìgbàwòrán ni a lè pe méjèèjì. Níwọ̀n ìgbà tí ojú-ìgbàwòrán kò lè sún sẹ́yìn, awò ni ó gbọ́dọ̀ sún síwájú.

Òrùka tí à ń yí lára awò a máa sún un síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ààlà. Púpọ̀ nínú awò mìlímítà 50 ni kò lè ya ohun tí ó bá súnmọ́ ẹ̀rọ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ kí ó sì hàn kedere. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àwòrán tí ó bọ́ sórí ojú-ìgbàwòrán kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje ìtóbi nǹkan náà lọ. Ẹ̀fọn tí ó gùn ní mìlímítà 6 kò ní gùn tó mìlímítà 1 níbẹ̀.

Ọ̀pá oníhò tí a fi sí àárín awò àti ẹ̀rọ ni ó ń yanjú ìṣòro yìí. Kò sí dígí kankan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń sún awò jìnnà sí ojú-ìgbàwòrán. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá ti yí òrùka awò sí ibi tí ó ti ń ya ohun ọ̀nà jíjìn, kí a fi ìjìnnà-ojúkò pín gígùn ọ̀pá. Èsì rẹ̀ ni ó ń sọ bí àwòrán ti tóbi tó sí nǹkan fúnra rẹ̀. Ọ̀pá mìlímítà 25 lórí awò mìlímítà 50 ń fún ni ní àwòrán tí ó jẹ́ ìdajì nǹkan, bí nǹkan náà bá wà ní nǹkan bí mìlímítà 150 sí awò. Ọ̀pá mìlímítà 50 ń mú kí àwòrán àti nǹkan dọ́gba, ní nǹkan bí mìlímítà 100 sí awò. Ọ̀pá mìlímítà 50 kan náà lórí awò mìlímítà 100 kò ní fún ni ju ìdajì lọ.

Ṣíṣe ọ̀pá náà

Ohun tí a nílò ni ìdérí ike tí a fi ń bo ojú ẹ̀rọ nígbà tí kò sí awò lára rẹ̀, ìdérí ike tí a fi ń bo ẹ̀yìn awò, ọ̀pá omi oníke, gọ́ọ̀mù alágbára, pépà oníyanrìn tí a fi ń ha igi, ayùn, àti ìwé dúdú tí kì í dán. Àwọn ìdérí méjèèjì ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn ni ó ní eyín tí ń kọ́ ara ẹ̀rọ àti ẹ̀yìn awò.

Ní àkọ́kọ́, kí a gé àárín ìdérí méjèèjì kúrò, kí ó ku etí tí eyín wà lára rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, kí a fi ayùn gé ọ̀pá omi. Gígùn tí ìṣirò ń béèrè jẹ́ ti gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú ìnípọn etí ìdérí méjèèjì. Gígé náà gbọ́dọ̀ tọ́; bí ó bá wọ́, awò yóò dagun, apá kan àwòrán yóò sì ṣe bàìbàì. Kí a fi pépà oníyanrìn ha etí rẹ̀, kí a fọ ẹ̀fọ́ ike kúrò, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Kí a fi ìwé dúdú tẹ́ inú ọ̀pá náà yí ká. Ẹni tí ó bá fo èyí yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lára ike, tí gbogbo àwòrán sì ń funfun bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ọ̀pá, tí a óò sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. A kò gbọ́dọ̀ fi í sára ẹ̀rọ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, nítorí pé ooru gọ́ọ̀mù mìíràn a máa bo dígí awò bí ìrì. Ní ìkẹyìn, kí a fi ọwọ́ dí ojú kan, kí a gbé ọ̀pá sí iwájú iná, kí a sì wo inú rẹ̀ láti ojú kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbi kan, a ní láti dí ibẹ̀.

Awò tí ó ní òrùka ihò-ìmọ́lẹ̀ lára ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pá àfọwọ́ṣe ti já ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá awò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, awò tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣí ihò fún un kò ní gbọ́ràn. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kan sì wà tí kì í ya àwòrán àfi bí a bá kọ́kọ́ yí ètò wọn padà kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìsí awò.

Lílò ó: àpẹẹrẹ ẹ̀fọn

Ẹ̀fọn, tí àwọn mìíràn ń pè ní yànmùyánmú, yẹ ní kòkòrò tí olùkọ́ yóò fi dán ọ̀pá yìí wò, nítorí pé ìmọ̀ nípa rẹ̀ kan ìlera gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà máléríà kiri. Ìran Anopheles ni ó ń gbé e, abo nìkan ni ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Bí Anopheles bá bà sára ògiri, a máa gbé ìdí sókè, ara rẹ̀ a sì dagun. Culex ní tirẹ̀ a máa na ara lọ gbọọrọ bí ògiri ti lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu gígùn tí abo fi ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà: lára abo Anopheles, wọ́n gùn tó ẹnu náà, lára abo Culex, wọ́n kúrú púpọ̀. Ìwo akọ sì kún fún irun ju ti abo lọ. Ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Àwòrán kan tí a fi ọ̀pá mìlímítà 50 yà lè fi wọ́n han gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣòro méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ náà. Èkíní ni ìmọ́lẹ̀. Bí àwòrán àti nǹkan bá dọ́gba, awò ti jìnnà sí ojú-ìgbàwòrán ní ìlọ́po méjì ìjìnnà-ojúkò. Ìmọ́lẹ̀ yóò tàn ká ojú tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni yóò sì kan ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lajú fún ìlọ́po mẹ́rin àkókò, tàbí kí a wá ìmọ́lẹ̀ kún un. Ìwé funfun tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ kòkòrò lè da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sí i lára.

Ìṣòro kejì ni pé ibi tí ó ń hàn kedere tẹ́ẹ́rẹ́ gidigidi. Ní irú ìwọ̀n yìí, bí a bá fi òrùka ihò-ìmọ́lẹ̀ sí 8, ìjìn ibi tí yóò hàn kedere jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 1. Bí a bá fi í sí 16, ó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 2. Bí ihò bá tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ a fọ́n ká bí ó ti ń gba etí ihò kọjá, gbogbo àwòrán a sì ṣe bàìbàì. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọn ni ó yẹ kí a dojú awò kọ, kí orí, àyà àti ikùn rẹ̀ lè wà ní ìjìnnà kan náà. Dípò yíyí òrùka, gbogbo ẹ̀rọ ni à ń rọra sún síwájú sẹ́yìn títí kòkòrò yóò fi hàn kedere. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, nígbà tí òtútù kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè fò.

Orúkọ tí ó yẹ

Orúkọ tí ó lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn olùtumọ̀ ni awò ìsọdi-ńlá. Orúkọ yìí kò tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ awò yóò máa wá dígí, kò sì ní rí i. Ohun tí ó tún burú jù ni pé yóò gbà pé dígí tuntun ni ó sọ àwòrán di ńlá, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjìnnà ni. Orúkọ kejì ni ọ̀pá ìmú-awò-gùn. Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n awò kò gùn sí i. Ibi tí ó dúró sí ni ó yí padà. Ọ̀pá àfikún náà kò sọ ohun tí a fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀pá ìsún-awò ni ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pá kì í ṣe ohun tuntun, nítorí pé Yorùbá ti ń pe èyí tí omi ń gbà kọjá ní ọ̀pá omi. Ìsún-awò sì sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń sún awò.

Ìsọdi-ńlá pàápàá ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Nígbà tí àwòrán ẹ̀fọn bá jẹ́ ìdajì ẹ̀fọn, kí ni a sọ di ńlá? Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba ńkọ́? Iye tí ìṣirò ń fún ni kò ju ìfiwéra àwòrán àti nǹkan lọ. Ìwọ̀n-ìfiwé ni ó bá a mu. Kí a fi ìsọdi-ńlá sílẹ̀ fún ìgbà tí àwòrán bá tóbi ju nǹkan lọ ní tòótọ́.

Àwọn èdè-ìperí tí ó jẹyọ nìyí:

Awò: dígí, tàbí àkójọ dígí, tí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ láti gbé àwòrán jáde.
Ojúkò: ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ń kó jọ sí lẹ́yìn awò.
Ìjìnnà-ojúkò: ìwọ̀n láti awò dé ojúkò.
Ojú-ìgbàwòrán: ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú ẹ̀rọ.
Ihò-ìmọ́lẹ̀: ihò inú awò tí a lè mú fẹ̀ tàbí kí a mú kéré.
Ìwọ̀n-ìfiwé: gígùn àwòrán tí a fi gígùn nǹkan pín.
Ìjìn-ìmọ́kedere: bí ibi tí ó hàn kedere ti jìn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ìgúnlẹ̀

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí, tí a sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ tòótọ́ fún ọ̀rọ̀ tuntun. Kò ní orúkọ ti èdè mìíràn lọ́kàn tí yóò fi tún àṣìṣe olùtumọ̀ ṣe. Ohun tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá sọ fún un ni yóò gbà. Bí a bá fún un ní ọ̀pá tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a sì sọ pé ọ̀pá ìsún-awò ni, yóò lè fi orúkọ náà nìkan gbèrò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pá bá gùn sí i. Orúkọ tí ó bá lè ṣe èyí ti kọ́ ọmọ ní ìdajì ẹ̀kọ́ kí olùkọ́ tó ya ẹnu.