Ibi Ìdánrawò Gọ́ọ̀fù Nínú Ọgbà Ilé

Ibi ìdánrawò gọ́ọ̀fù inú ilé ni ààyè tí ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí àgbàlá, sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó lè máa gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ láì jáde lẹ́nu ọ̀nà. Pápá gọ́ọ̀fù gidi ń gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ, kì í sì í sí ní gbogbo ìlú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ikoyi Club 1938 ní tirẹ̀ ní Èkó, Ìkẹjà ní, Ìbàdàn ní, ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí wọn, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀, lè máà fojú kan pápá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀fù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bí ìlù lílù: ọwọ́ tí kò bá kàn án déédéé á di ọwọ́ àlejò.

Àwọn ọ̀gá nídìí eré yìí mọ ìwúlò ibi kékeré. Nílùú Cypress ní California, Earl Woods ta àwọ̀n sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Tiger sì jókòó sórí àga ìkókó, ó ń wò ó. Ní ọdún 1978, kí ọmọ náà tó pé ọdún 3, ó ti ń gbá gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n. Rory McIlroy ti Northern Ireland náà gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọmọ ọdún 9, nítorí pé ó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sókè díẹ̀ kí ó lè já sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Seve Ballesteros ní tirẹ̀ kọ́ ọ létí òkun Pedreña ní Spain, lórí yanrìn, pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo, áyọ́ọ̀nù onínọ́ńbà 3. Ẹni yẹn ló wá gba ife ìdíje Open nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1979, 1984 àti 1988.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fẹ́ ṣe irú ibẹ̀, àwọ̀n ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ronú kàn, nítorí pé gbígbá bọ́ọ̀lù síta pẹ̀lú agbára ló dùn mọ́ ara jù. Ìṣirò kò gbè wọ́n. Lórí pápá oníhò 18 tí òfin fún ní ìgbá 72, ìgbá méjì ni wọ́n ṣírò fún yíyí bọ́ọ̀lù sínú ihò kọ̀ọ̀kan lórí koríko kúkurú tó yí i ká. Ìgbá 36 nìyẹn, ìdajì gbogbo rẹ̀. Ìdajì yìí kò béèrè agbára, kò béèrè àyè, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ibi yíyí bọ́ọ̀lù ló yẹ kó ṣáájú nínú ilé, kí ibi gbígbá sókè díẹ̀ tẹ̀lé e, kí àwọ̀n ṣìkẹta. Ẹni tí owó rẹ̀ tàbí àyè rẹ̀ kò bá ká ju ọ̀kan lọ, kó dúró sórí ti àkọ́kọ́. Kò pàdánù ohun púpọ̀.

Ohun tí yíyí bọ́ọ̀lù nílò ni ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó gùn tó mítà 3 sí 4, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tó ya díẹ̀ lọ. Nínú ilé, kápẹ́ẹ̀tì tí irun rẹ̀ kúrú ti tó. Níta, kápẹ́ẹ̀tì koríko oníke tí wọ́n ń tà ní mítà-mítà ló rọrùn jù, bí a bá tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì tó dán tàbí sórí yanrìn tí a gún mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí a tó tẹ́ ẹ, ó yẹ kí a mọ ibi tí ilẹ̀ dagun sí. Kò dìgbà tí a bá ní irinṣẹ́ bíríkìlà: ike omi tó mọ́ kedere, tí a bu omi dé ìdajì, tí a dùbúlẹ̀ sórí pákó gígùn tó tọ́, á fi hàn lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pátápátá ni kó kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ ọ̀nà tó tọ́, a lè ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lápá kan kí ó dagun, kí ojú lè kọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yà.

Òfin fún ihò ní mìlímítà 108 ní fífẹ̀, jíjìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 101.6. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ́ ihò ní Musselburgh ní Scotland ní 1829 ni ìwọ̀n yìí ti wá, àjọ R&A tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù sì sọ ọ́ di òfin ní 1891. Fún ilé, páìpù oníke onínṣì 4 tí àwọn púlọ́ńbà ń lò fún omi ìdọ̀tí ló bá a mu jù: ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110, inú rẹ̀ sì fún ju ihò òfin lọ díẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń yí bọ́ọ̀lù wọ ihò tó fún á rí ti pápá bí ẹnu ìkòkò. A gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15, a fi iná tàbí yanrìn líle ra ẹnu rẹ̀ kó dán, a gbẹ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, a wá gbé páìpù kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìsàlẹ̀ bá dí, ihò á di ìkòkò omi lásìkò òjò, ẹ̀fọn á sì fi ṣelé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Yíyára ojú ilẹ̀ ṣe pàtàkì bí títẹ́jú rẹ̀. Ní 1935, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Stimpson ṣe pákó kan tó ní ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù láàárín láti fi wọ̀n ọ́n: a ó gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀, a ó wá wọn iye ẹsẹ̀ bàtà tó yí lọ. Ti irin tí wọ́n ń lò lónìí gùn ní ínṣì 36. Lórí pápá ìdíje ńlá, bọ́ọ̀lù máa ń kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹnikẹ́ni lè fi pákó méjì tí a kàn pọ̀ bí ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi ṣe irú rẹ̀, kí ó máa gbé orí rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù kan náà nígbà gbogbo, kí ó yí bọ́ọ̀lù lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tún yí i padà láti apá kejì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó pín in dọ́gba. Iye tó bá rí kò ní bá ti àwọn pápá ńlá mu gan-an, ṣùgbọ́n á jẹ́ kó mọ̀ bóyá kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wúwo lẹ́yìn òjò, tàbí ó yára ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún ìdánrawò fúnra rẹ̀, ohun tó dára jù rọrùn. A ri tíì méjì, igi kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, mọ́lẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, kí àlàfo àárín wọn fi ìwọ̀n ìka kan ju orí ọ̀pá lọ. Ọ̀pá tó bá kan èyíkéyìí nínú wọn ti yà. A tún fa ìlà sí ẹ̀yìn ihò, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 43. Dave Pelz, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wọ ihò, sọ pé eré tó dára jù ni èyí tí ì bá gbé bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀ bí kò bá wọlé. Bọ́ọ̀lù tí kò dé ihò kò lè wọ̀ ọ́. Èyí tó sáré jù náà á fò ó kọjá.

Yanrìn náà lè ṣe ibi yíyí bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà ni kò ní koríko ní ẹnu ihò. Yanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀, wọ́n á sì fi pákó wọ́ ọ kí ojú rẹ̀ tó dán. Nínú ọgbà ilé, ẹ̀yà yìí ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ tí a ti lò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí yóò wọ ilẹ̀ lọ bá kànga. Omi díẹ̀ tí a wọ́n sí yanrìn láàárọ̀, àti ìgbálẹ̀ tàbí pákó tí a fi wọ́ ọ, ti tó. Ti koríko gidi ló nira jù. Lórí pápá ìdíje, wọ́n ń gé koríko ẹnu ihò dé nǹkan bí mìlímítà 3, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko ilé kò sì lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láì pa koríko náà. Kí koríko ilé kúkú wà fún gbígbá bọ́ọ̀lù sókè.

Gbígbá sókè díẹ̀ nílò mítà 5 sí 10 péré. Ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti kọ́kọ́ balẹ̀ ló yẹ kí a máa fojú sùn, kì í ṣe ibi tí yóò dúró sí. Aṣọ ìnura tí a tẹ́ sílẹ̀, agbọ̀n, garawa, agbòòrùn tí a ṣí tí a sì dojú rẹ̀ kọ òkè, gbogbo wọn ló lè jẹ́ àmì. Kí a máa yí ibi tí wọ́n wà padà, nítorí ọwọ́ tó bá ti mọ ìwọ̀n kan ṣoṣo kò ní mọ òmíràn. Bọ́ọ̀lù oníke tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, tàbí ti fóòmù, ni ó tọ́ níhìn-ín bí fèrèsé bá wà nítòsí. Wọn kì í fò jìnnà, wọn kì í sì í fọ́ gíláàsì.

Àwọ̀n ló kù, òun sì ni a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tó nípọn mú. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò tóbi: fífẹ̀ rẹ̀ kò dín ní mìlímítà 42.67, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju gíráàmù 45.93 lọ. Ṣùgbọ́n ó le, ọ̀pá dráífà sì lè rán an lọ ní eré tó ju kìlómítà 200 lọ láàárín wákàtí kan. Ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ kéré, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kí okùn rẹ̀ sì nípọn. Àwọ̀n ẹja olókùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ń dán lójú omi kò yẹ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi já. Férémù tó ga ní mítà 3, tó sì fẹ̀ ní mítà 3, ni ìwọ̀n tó fini lọ́kàn balẹ̀. Àwọn wẹ́dà lè fi irin ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo irin tó kọjú sí agbábọ́ọ̀lù ni kí a fi fóòmù dì, torí bọ́ọ̀lù tó bá bá irin pàdé á padà wá bá ẹni tó gbá a.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni títa àwọ̀n le bí awọ ìlù. Àwọ̀n tó le á da bọ́ọ̀lù padà. Kí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó láti ká sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má gba abẹ́ yọ, kí àlàfo tó mítà kan wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a so kọ́ láàárín, ní ibi tí bọ́ọ̀lù sábà máa ń bà, á gba agbára lára rẹ̀, á sì fa ẹ̀mí àwọ̀n gùn. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ yẹ kó wà ní nǹkan bí mítà 3 sí àwọ̀n: bó bá súnmọ́ jù, ewu ni, bó bá jìnnà jù, èyí tó bá ṣìnà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù.

Bó bá jẹ́ inú ilé tàbí abẹ́ òrùlé ni, kí a kọ́kọ́ wo òkè. Kí a mú ọ̀pá tó gùn jù, láìsí bọ́ọ̀lù, kí a fi jù ú yíká díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn dúró sí ọ̀ọ́kán kó máa wo ibi tí orí ọ̀pá ń gbà. Òkè ilé tí kò bá tó mítà 3 lè má gba dráífà. Fáànù òkè àjà ni ènìyàn máa ń gbàgbé jù lọ, àti wáyà iná tí a fà gba àgbàlá kọjá.

Lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá. Nígbà tí ọ̀pá bá ba ilẹ̀ líle léraléra, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ló ń gba ìjìyà, ìrora inú ìgúnpá sì lè dá ènìyàn dúró fún oṣù bíi mélòó kan. Máàtì tó nípọn, tí a tẹ́ fóòmù líle tàbí rọ́bà táyà sí abẹ́ rẹ̀, ni kó wà níbẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí gbọ́dọ̀ ga bákan náà pẹ̀lú ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Àléébù àwọ̀n ni pé kì í jẹ́ kí a rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ọ̀nà méjì ni a lè fi yanjú rẹ̀. A wọ́n páúdà díẹ̀ sí ojú ọ̀pá kí a tó gbá: àmì róbótó tí bọ́ọ̀lù bá fi sílẹ̀ á sọ bóyá àárín ni ó ti bà, tàbí etí. Ìkejì ni fóònù tí a gbé sórí àga, tí a sì fi ya fídíò láti ẹ̀yìn àti láti iwájú ara. Ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a dùbúlẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọjú sí àárín àwọ̀n, á sì fi hàn bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ àti èjìká dojú kọ ibi kan náà.

Ọmọdé kò gbọdọ̀ wà ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá. Kí a fa ìlà pupa mítà 3 yíká máàtì, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn àwọ̀n. Oòrùn ilẹ̀ wa máa ń jẹ okùn ọ̀rá láìjẹ́ kí ó hàn lójú: kí a máa fi ọwọ́ fa ojú àwọ̀n ní àárín lóṣooṣù, ibi tó bá sì já, kí a fi okùn tuntun dí i kí a tó tún gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Nígbà òjò, kí a ká a wọlé.