Ìtọ́jú Sílíńdà Gáàsì Kékeré ní Ilé àti ní Ibi Iṣẹ́ Ìkọ́lé



Láti Jákàńdè dé Àjáh, àti láti Àjáh lọ sí Badóre àti Sàńgótẹ́dó, ilé tuntun ń jáde lójoojúmọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, àwọn ìyá olóúnjẹ kì í jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọlọ́dẹ tí wọ́n ń gbé inú ilé onípákó tàbí ilé tí a kò tíì parí pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi ń dáná ni sílíńdà gáàsì kékeré, oníkìlógíráàmù 3 tàbí 6, èyí tí ojú iná rẹ̀ wà lórí sílíńdà gan-an. Àwọn oníṣẹ́ tí ń fi iná gáàsì lẹ rọ́bà ọlọ́dà mọ́ orí dẹ́kìn kí òjò má bàa jò náà ń lo sílíńdà, àwọn mìíràn a sì máa gbé e wálé ní alẹ́ nítorí olè.

A kò sọ pé kí ẹ padà sídìí igi tàbí èédú. Èéfín igi a máa ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́, gáàsì sì sàn jù ú lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé sílíńdà sábà máa ń fi àmì hàn kí ó tó ṣe ìjàm̀bá: òórùn rẹ̀, àwọ̀ iná rẹ̀, dúdú ìdí ìkòkò, àti ìdógùn-ún ara irin.

Bí gáàsì ṣe ń rìn

Omi ni gáàsì nígbà tí ó wà ní títẹ̀ nínú sílíńdà. Bí ó bá jáde, ó di afẹ́fẹ́, lítà kan ṣoṣo nínú omi náà sì lè di nǹkan bí lítà 250 afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rìn. Yóò wọ abẹ́ ibùsùn, yóò wọ kòtò àti gọ́tà, yóò sì dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ yìí náà ni ọmọ tí ń rá wà. Nítorí náà, ihò fèrèsé tí ó wà lókè nìkan kò tó fún yàrá tí a ti ń dáná gáàsì. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣí. Bí gáàsì bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ yàrá, títa pàrà iná kékeré ti tó láti gbé e.

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n fi èròjà olóòórùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ sí i, kí imú lè tètè fura. Ẹni tí ó bá fi tùràrí tàbí lọ́fínńdà bo òórùn náà ti pa olùṣọ́ ilé rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Irin, rọ́bà àti ọṣẹ

Ilẹ̀ Lẹ́kí wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin kíákíá, omi òjò a sì máa wọ ọ̀pọ̀ àgbàlá lásìkò òjò. Ìdí sílíńdà, níbi tí ó ti kan ilẹ̀, ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ojú kì í dé. Ẹ máa yí i wò ní oṣooṣù nígbà tí ó bá ṣófo. Ẹ gbé e sórí ibi gbígbẹ tí ó tẹ́jú, kí ó dúró ṣánṣán. Bí irin bá ti ń ṣí ní pẹ́lẹ́bẹ́pẹ́lẹ́bẹ́, tàbí tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ẹ má ṣe kùn ún lọ́dà kí ẹ máa lò ó lọ. Ọ̀dà kò lè sọ irin tí ó ti fẹ́lẹ́ di líle. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ojú iná, níbi tí a ti ń yí i mọ́ ẹnu sílíńdà, òrùka rọ́bà kékeré kan wà. Òun ni kì í jẹ́ kí gáàsì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tú ojú iná kúrò láti rọ gáàsì, ẹ wo òrùka náà kí wọ́n tó dá a padà. Bí ó bá ti le, tí ó ti sán, tàbí tí ó ti sọnù, owó kékeré ni tuntun. Lẹ́yìn èyí, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, kí ẹ fi kànrìnkàn pa ìhóòhò rẹ̀ yí ẹnu sílíńdà ká, kí ẹ ṣí gáàsì díẹ̀ láìṣáná. Bí ó bá ń wú bí itọ́ akàn, gáàsì ń jáde níbẹ̀. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́. A kì í fi iná ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò, bí ó ti wù kí ẹni tí ń ṣe é ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó.

Fún sítóòfù tàbí iná ìlẹ-dẹ́kìn tí ó ní rọ́bà gígùn, ẹ tẹ rọ́bà náà kọdọrọ láàárín ìka yín. Bí ẹ bá rí ibi tí ó sán, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Lílẹ̀ ẹ́ tàbí fífi wáyà dè é kò tó.

Ojú iná àti ìdí ìkòkò

Iná gáàsì tí ó pé a máa ní àwọ̀ búlúù. Bí ó bá di pupa rúsúrúsú, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, gáàsì náà kò jóná tán. Ọbẹ̀ tí ó dà sílẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì láti ibi ìkọ́lé, tàbí aláǹtakùn tí ó ta òwú sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lè fa èyí. Aláǹtakùn kò wọ́pọ̀ nínú ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n sílíńdà tí ó ti pẹ́ ní ìgùn láìlò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ nu ojú iná àti ihò rẹ̀. Ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ ihò tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà jáde. Bí ó bá gbòòrò, iná náà kò ní tọ́ mọ́.

Nígbà tí gáàsì bá kù díẹ̀, àwọn kan a máa mi sílíńdà, wọ́n a dà á dùbúlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná. Bí ó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì lè gba ojú iná jáde, iná yóò sì ru sókè. Gáàsì owó díẹ̀ tí ó kù kò tó èyí.

Nígbà tí ẹ bá ń rọ gáàsì

Ìwọ̀n òfìfo sílíńdà wà ní kíkọ sí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 7, tí ẹ sì ra 6, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 13 lọ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má ṣe bẹ ọlọ́jà pé kí ó fi èènì sí i: ó yẹ kí àyè ṣẹ́kù nínú sílíńdà kí gáàsì lè ráyè wú nígbà oòrùn. Ẹ má ṣe pọn ọmọ dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná gáàsì ṣẹ́ yọ ní ibi ìtajà kan ní Barúwà, ní Ìpájà. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn aládùúgbò sì jóná.

Yàrá ìyá ọlọ́mọ tuntun

Bí òjò bá rọ̀ ní òru, tàbí tí ọyẹ́ bá dé, ìyá àgbà lè gbé sílíńdà wọ yàrá láti gbé omi ìwẹ̀ kaná, kí ó sì tilẹ̀kùn kí ọmọ má bàa tutù. Èrò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó a máa mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí ń jẹ́ kábọ̀n mọnọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn; ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú oyún sì ń jìyà rẹ̀ ju ìyá lọ. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, a sì máa ń pè é ní ibà. Ẹ fiyè sí i: bí ó bá mú gbogbo ará yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn kò gbóná, tí ó sì ń dẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ pa iná, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ìta ni kí ẹ ti gbé omi kaná. Ní ti ọmọ, ẹ gbé e mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, kí ẹ dé e ní fìlà, kí ẹ sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì.

Yorùbá ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí a sùn. A kì í sì í gbé sílíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ. Èyí tí bàbá gbé ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ìta ni kí ó sùn, kí ẹ fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn, tàbí tí iná bá ṣẹ́

Ẹ ti gáàsì pa. Ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì ṣe pa á. Ẹ má fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ tàbí fóònù nínú yàrá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ dúró síta títí òórùn yóò fi lọ pátápátá. Bí iná bá ti mú ẹnu sílíńdà tí ẹ kò sì lè sún mọ́ ọn, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767 láti òkèèrè.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó wú, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọdé tàbí aboyún, tàbí tí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ojú ara ni ó jóná.