Bí pásípọ́ọ̀tù bá sọnù tàbí tó bàjẹ́: ohun tó yẹ kí a ṣe

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé tàbí owó dídá. Láàárín ìpàdé wa méjì tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wá bá mi pé àwọn fẹ́ yá owó nítorí pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá wa kan tó ń ta léèsì, ti kó owó fún ẹnì kan tó sọ pé òun mọ ọ̀gá níbì kan. Oṣù mẹ́rin kọjá, ìyá kò rí ìwé, wọn kò rí owó, ọjà tí wọ́n fẹ́ lọ kó ní Lomé sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé pásípọ́ọ̀tù tó sọnù kọ́ ló ń jẹ owó wa tán. Ohun tí a ṣe, àti ohun tí a kò tètè ṣe lẹ́yìn tó ti sọnù, ló ń jẹ ẹ́.

BÓ BÁ SỌNÙ NÍLÉ

Ẹ kọ́kọ́ wá a dáadáa. Ẹ yẹ àpótí wò, ẹ yẹ báàgì ọjà wò, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Bó bá dá yín lójú pé ó ti lọ, ẹ má jókòó tì í. Ọwọ́ ẹni tó bá bọ́ sí, orúkọ yín ló wà nínú rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Èkíní, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti fẹjọ́ sùn. Kí orúkọ yín, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù náà, ọjọ́ tó sọnù àti ibi tó ti sọnù wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ lọ sí kóòtù, kí ẹ ṣe ìwé ìbúra. Ohun tí ẹ sọ fún ọlọ́pàá náà ni kí ẹ sọ ní kóòtù. Bí ìwé kan bá wí pé ọjọ́ Ajé ni, tí èkejì wí pé ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára ti Iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni passport.immigration.gov.ng. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tó gbọ́n dání. Ẹ ó sọ pé ìwé tó sọnù lẹ fẹ́ gbà padà, kì í ṣe tuntun ti ẹni tí kò gbà á rí. Ẹ ó fi nọ́ńbà NIN yín sí i. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bá ti NIN mu. Ẹ̀yin ìyá tó ti yí orúkọ padà nílé ọkọ, ẹ fiyè sí èyí gidigidi. Ẹ ó san owó níbẹ̀, ẹ ó sì mú ọjọ́ tí ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù.

Ẹ̀kẹrin, lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ, nítorí wọn yóò ya fọ́tò yín, wọn yóò sì gba ìtẹ̀ka yín. Kò sí alágbàtà tó lè bá yín tẹ̀ka. Ẹ kó ìwé ọlọ́pàá, ìwé kóòtù, ìwé NIN àti rìsíìtì dání.

ELÓ NI?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5 di 100,000 náírà fún ẹni tó bá gbà á nílé níbí. Èyí tó ní ojú-ewé 64, tó ń lo ọdún 10, di 200,000 náírà. Kó tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, 35,000 àti 70,000 ni wọ́n. Ẹ wo bó ṣe fò sókè! Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ léraléra, kí ó ronú sí ti ọdún mẹ́wàá. Iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde fún yín ni kí ẹ san, lórí ẹ̀rọ náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

BÓ BÁ SỌNÙ LẸ́YÌN ODI

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣebí ECOWAS ni gbogbo wa, kí ni mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù ṣe ní Kútọnu?" Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè wa ṣe lọ́dún 1979 sọ pé ọmọ ECOWAS lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó pé, pẹ̀lú ìwé ìlera, èyí tí àwa ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá gbà á lásán tó kọrí sí Sẹ̀mẹ̀, ó ń wá wàhálà.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìlú tí ẹ wà, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí ilé aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Ó wà ní Kútọnu, ó wà ní Lomé, ó wà ní London fún àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún. Wọ́n lè fún yín ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì. Ìwé ìpadàsílé ni o. Bí ẹ bá ti fi í délé, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹ kò lè fi í lọ ra ọjà. Nílé lẹ ó ti wá gba pásípọ́ọ̀tù gan-an.

BÓ BÁ BÀJẸ́

Èyí ṣẹlẹ̀ sí èmi tìkára mi. Mo gbàgbé tèmi sínú àpò ṣòkòtò, wọ́n sì fọ ṣòkòtò náà mọ́ ọn. Mo sá a sóòrùn, mo fi lílọ̀ọ̀ gbígbóná lọ̀ ọ́, mo tún fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú-ewé tó ya. Mo rò pé mo gbọ́n ni. Àṣé ṣe ni mo tún bà á jẹ́ sí i. Ìwé òde òní ní ohun tíntín kan nínú tí ẹ̀rọ ń kà. Bí kò bá kà á mọ́, tàbí tí fọ́tò àti orúkọ bá ti ṣú, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lè ní ẹ kò ní wọkọ̀.

Bó bá bàjẹ́, ẹ má tún un ṣe, ẹ má ya ojú-ewé kankan kúrò, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un lọ síbẹ̀ bó ṣe rí. Òun gan-an ni ẹ̀rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń kọ iye owó léèsì àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ìwé ìjọba ni, kì í ṣe ìwé gbèsè.

BÍ Ẹ BÁ PADÀ RÍ I

Ibí ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá a dáadáa. Láti ọdún 2002 ni àwọn ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, ti ní àkójọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí wọ́n fi sùn pé ó sọnù tàbí tí wọ́n jí. Bí ti yín bá ti wọ ibẹ̀, tí ẹ wá rí ìwé náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fi í rìn mọ́. Wọ́n lè dá yín dúró bí olè lórí ìwé ara yín. Ẹ dá a padà fún Ìmígíréṣọ̀n.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé nọ́ńbà ìwé tuntun kì í ṣe ti àtijọ́. Físà tó wà nínú èyí tó sọnù ti bá a lọ. Ẹ sọ fún àwọn tó fún yín ní físà. Ẹ sọ fún báńkì àti ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì fún yín.

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé ẹgbẹ́ yóò máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ìwé ọlọ́pàá, tàbí ìwé tó bàjẹ́ náà, hàn wá, kí ó sì mú rìsíìtì ìjọba wá lẹ́yìn tó bá sanwó. A kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó alágbàtà. Kì í ṣe ìkà, owó gbogbo wa ni.

Ní báyìí tí ti yín ṣì wà lọ́wọ́, ẹ ṣe fótókọ́pì ojú-ewé tó ní fọ́tò. Ẹ fi ọ̀kan sílé, ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì mìíràn, ẹ ya ọ̀kan sórí fóònù. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti ṣe é, kí ó mú un wá bá mi lọ́jọ́ ìpàdé.

Ire o. A ó máa lọ, a ó máa bọ̀, ẹsẹ̀ wa kò ní wọgbó.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́