Ọlọ́pàá tí ọmọ iléèwé mọ̀ lórúkọ

Ní Ilé-Ogbó, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá ń sunkún tí kò fẹ́ dákẹ́ máa ń gbọ́ ọ pé: "Ọlọ́pàá ń bọ̀ o!" Kí ó tó wọ práímárì ni ẹ̀rù aṣọ dúdú ọlọ́pàá ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìbẹ̀rù náà ti pẹ́. Ní 1861, ẹ̀ṣọ́ 30 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kó jọ l'Ékòó. Ìjọba tiwọn ni wọ́n ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà máa ṣọ́. Ní 1930 ni wọ́n pa ọlọ́pàá àríwá àti ti gúúsù pọ̀. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, akódà ni àwọn baba wa mọ̀, ẹni tí ń lé àwọn tí kò san owó orí kiri. Ta ni yóò rán akódà lọ kí ọmọdé?

1984 ni wọ́n dá PCRC sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ọlọ́pàá àti ará ìlú ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ń jókòó níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi tú SARS ká, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè. Òfin Ọlọ́pàá tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ti kà á léèwọ̀ kí wọ́n mú ìyá nítorí ẹ̀sùn ọmọ. Ẹnu ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ JSS ti gbọ́ èyí.

Ohun tí mo fẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ayédire, láti Ilé-Ogbó dé Kúta àti Olúpọ̀nnà, ni kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ọlọ́pàá kan pàtó tí yóò máa wá sí àsẹ́ḿbílì láìgbé ìbọn. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń sọdá títì, kí ó sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Kí obìnrin wà lára àwọn ọlọ́pàá náà, nítorí ọmọbìnrin tí ẹnìkan nínú ilé ń fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ kò ní sọ ọ́ fún ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Ó kan ọ̀rọ̀ ìjínigbé náà: ní oṣù Kìíní 2024, ajínigbé kó ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì l'Émùré-Èkìtì. Ọmọdé lè rí àjèjì lójú ọ̀nà oko kí àgbà tó rí i, àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ sí ni yóò sọ ọ́ fún.

Bí olùkọ́ bá tún ń pe ọlọ́pàá wá na akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́, gbogbo àbẹ̀wò yẹn dòfo. Ibi tó le jù ni tíráńsífà àwọn ọlọ́pàá. Kí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, rí i pé ọlọ́pàá tó ń lọ mú ẹni tó ń bọ̀ wá síwájú àwọn ọmọ, kí ó sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn, kí ó tó kúrò nílùú.